Ẹgbẹ́ onígìtá ilẹ̀ Yàgbà tí wọ́n ní ìjọ ló tú u ká

Ní ìlú wa ní ilẹ̀ Yàgbà, bí o bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún pé kí ló ṣe ẹgbẹ́ onígìtá tí àwọn tísà dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun Bìáfárà, ìdáhùn kan náà ni wàá gbọ́: ìjọ ló tú wọn ká. Wọ́n á ní àwọn ọmọ náà kọrin bú ìjọ, àwọn àgbà ìjọ pè wọ́n, wọ́n gba gìtá lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe gbọ́ ọ láti kékeré. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ni aṣáájú ẹgbẹ́ náà. Kò fìgbà kan sọ fún mi pé òótọ́ ni, kò sì sọ pé irọ́ ni.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, wọ́n ní kí n kó ẹrù yàrá rẹ̀ jọ. Nínú àpótí páànù abẹ́ ibùsùn ni mo ti rí kásẹ́ẹ̀tì kan, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé kan, àti fọ́tò méjì tí ọ̀rinrin ti lẹ̀ pọ̀. Ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ìṣirò owó ni: iye tí wọ́n gbà lóde, iye tí wọ́n san fún bátìrì, ẹni tó jẹ gbèsè, àti ọ̀rọ̀ orin díẹ̀díẹ̀ láàárín. Mo kà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo kà á tán, mo mọ̀ pé ìtàn tí a ti ń sọ ní ìlú láti ọjọ́ yìí wá kò bá ohun tó wà níbẹ̀ mu.

Mi ò ní kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà síbí, mi ò sì ní dárúkọ ìlú tàbí ìjọ. Méjì nínú àwọn mẹ́rin náà ṣì wà láyé, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa fi ohun tí oníkálukú ń lù pè é.

Tísà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó Údójì ló bí ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba Gowon gba àbá ìgbìmọ̀ Údójì ní òpin 1974, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba fò sókè, wọ́n sì san èyí tó ti kóra jọ sẹ́yìn papọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Ẹlòmíràn fi tiẹ̀ ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra rédíò tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹlòmíràn fẹ́yàwó. Àwọn mẹ́rin yìí da tiwọn pọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì ra gìtá iná méjì, ampilifáyà kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, àti máíkì kan. Owó náà kò tó ra gìtá béèsì. Gìtá onígi kan tó wà nílẹ̀ ni wọ́n yọ okùn méjì kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi okùn tó nípọn sí i, wọ́n sì lẹ agbohùn kékeré mọ́ ikùn rẹ̀. Ọmọ Ígálà kan tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà ló ní ìlù. Láti ilé ló ti gbé ìlù méjì wá, ó sì fi sáńbálì kan, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lù, kún un.

Orin tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe jùjú. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n fẹ́ ṣe. Lásìkò yẹn, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ti sọ rọ́ọ̀kì di tiwọn: The Funkees láti apá ìlà oòrùn, BLO ní Èkó, Monomono ti Joni Haastrup, àti Ofege, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ní Èkó, tí wọ́n ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí ilé iṣẹ́ àwo EMI gbé àwo wọn jáde ní 1973. Bàbá Kékeré ní rẹ́kọ́ọ̀dù Ofege. Oníbéèsì sọ fún mi pé ohun tó kó sí òun lórí nìyẹn: bí ọmọ ilé ìwé bá lè ṣe é, tísà ńkọ́?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ fún irú ẹgbẹ́ báyìí. Wọ́n ń pè é ní garage rock, nítorí pé inú ilé tí bàbá wọn ń gbé mọ́tò sí ni àwọn ọmọ náà ti ń fi gìtá dánra wò. Lẹ́yìn tí The Beatles hàn lórí tẹlifísọ̀n Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì 1964, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ hù káàkiri bí olú. Àwọn kan lókìkí, bí The Sonics láti Tacoma, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò rìn jìnnà sí àdúgbò wọn. Wọ́n ṣe àwo kan, wọ́n lu ìlù fún ijó àwọn ọ̀dọ́ ìlú wọn, wọ́n sì wọ iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ ológun lọ. Kíláàsì kẹfà ni ilé mọ́tò ti àwọn tiwa. Bí ilé ìwé bá ti jáde, wọ́n á ti bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀.

Kò sí iná mànàmáná ní ìlú wa nígbà náà. Bátìrì mọ́tò ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́, méjì ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá ń lo ọ̀kan, èkejì á ti wà ní Ìsánlú lọ́dọ̀ ẹni tó ń fún bátìrì níná. Ìdajì ìwé ìṣirò yẹn, owó bátìrì ni: owó iná, owó ọkọ̀ tó gbé e lọ, owó ásíìdì, owó ọmọ tó rù ú láti ibùdókọ̀. Nígbà tí mo ń kà á, ó dà bíi pé mo ń rí wọn tí wọ́n ń ru ohun wúwo yẹn kiri nítorí wákàtí mẹ́ta orin.

Bátìrì yẹn náà ló fún wọn ní ohùn tí wọ́n ní. Ohùn tó ń ti inú gìtá bọ̀ dà bí ìgbì omi, ó ń ga, ó ń lọ sílẹ̀. Bí agbára tó wà nínú bátìrì kò bá tó gbé orí ìgbì náà dé ibi tó fẹ́ dé, ẹ̀rọ á gé orí rẹ̀ kúrò. Gígé yẹn ni etí wa ń gbọ́ bí ohùn tó ń ha, tó ń bú ramúramù. Gìtá méjì àti ẹnu olórin ló sì ń gba inú ampilifáyà kan ṣoṣo kọjá. Bí alẹ́ bá ti ń lọ, tí bátìrì ń rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà ń le sí i. Oníbéèsì ní wákàtí tó kẹ́yìn lóde ni àwọn ènìyàn máa ń jó jù.

Eku wá fi tirẹ̀ kún un. Ó jẹ bébà sípíkà ní òru ọjọ́ kan, ihò náà tó ọmọ ìka méjì. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú bébà síìmẹ́ǹtì àti gọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn òde kan péré, Bàbá Kékeré kọ ọ́ sínú ìwé pé: "A ti yọ bébà náà kúrò. Sípíkà kò dùn mọ́." Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1964, Dave Davies, onígìtá ẹgbẹ́ The Kinks, mọ̀ọ́mọ̀ fi bíléèdì la bébà sípíkà tirẹ̀ kí gìtá rẹ̀ lè ní irú ohùn yẹn, ohùn náà sì gbé e kárí ayé. Kò dá mi lójú pé Bàbá Kékeré gbọ́ nípa rẹ̀. Etí rẹ̀ ló sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìjọ ló kàn báyìí, ibẹ̀ ni mo sì ti pẹ́ jù.

Ọmọ ìjọ ni Bàbá Kékeré, kíwáyà ló wà. Ní ìsinmi gígùn 1975, ẹgbẹ́ náà lu ìlù níbi ìgbéyàwó kan tí kò jìnnà sí ilé àgbà ìjọ kan. Orin tí wọ́n fi ń kádìí òde ni wọ́n ń kọ ní òru. Wọ́n fi Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń lò kọ ọ́, kì í ṣe Yàgbà, kí Onílù lè mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó rọrùn: ijó yìí á tú ká, oníkálukú á relé. Àgbà ìjọ náà, lórí ibùsùn rẹ̀, gbọ́ pé: ìjọ yìí á tú ká.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀nà jìn láàárín ijó àti ìjọ. Ṣùgbọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sínú máíkì kan tó ń bá gìtá méjì pín ampilifáyà, gbé e gba sípíkà tí eku ti jẹ kọjá, kí bátìrì tún ti máa kú lọ, kí o sì gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé ní òru. Mi ò lè bá bàbá náà wí. Wọ́n pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin àgbà ìjọ náà, tó ti dìyá àgbà báyìí, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó sọ fún mi pé Bàbá Kékeré gbé ìwé orin rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn pé kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á. Ohun tí wọ́n rí ni "Ijo yi a tu ka," láìsí àmì ohùn, láìsí àmì lábẹ́ lẹ́tà. Ìwé tó yẹ kó gbà á kúrò nínú ẹjọ́ kò lè sọ̀rọ̀. Mo ti wo ojú ewé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àmì mélòó ni ì bá ná an?

Irú ẹjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí níbi tí ó tóbi ju ìlú wa lọ. Ní 1963, ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ẹgbẹ́ The Kingsmen kọ orin Louie Louie sínú máíkì tí wọ́n gbé kọ́ sókè nítòsí àjà, olórin wọn sì ń na ọrùn kó tó lè ké sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere. Nígbà tí àwo náà tàn káàkiri, àwọn òbí ní ìsọkúsọ ló kún inú rẹ̀, FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, sì gba ẹjọ́ náà. Wọ́n lù ú ní oríṣiríṣi ìwọ̀n eré, wọ́n fetí sí i títí, ibi tí wọ́n sì parí ìwádìí sí ni pé àwọn ò gbọ́ ohun tó ń wí. Àwọn àgbà ìjọ tiwa ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n dá ẹjọ́ náà láàárín ọ̀sán kan: kí Bàbá Kékeré kúrò ní kíwáyà fún oṣù mẹ́ta, kí gìtá rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ pásítọ̀ títí ìkórè á fi kọjá.

Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dìde. Pádì kékeré tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ ti jábọ́, funfun sì ti hù sí etí rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún, mo yọ téèpù náà kúrò nínú ilé rẹ̀, mo sì gbé e sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó mọ́ tónítóní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lù ú, kọ̀ǹpútà sì ń gbà á sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ohùn wọn ga, ó sì ń sáré, bí ohùn ọmọdé. Kì í ṣe pé téèpù bàjẹ́. Bí bátìrì ẹ̀rọ tó ń gba ohùn bá ti rẹ̀, mọ́tò inú rẹ̀ á máa fa ẹsẹ̀, téèpù á sì máa lọ jẹ́jẹ́. Bí o bá wá lù ú lórí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá, ohun gbogbo á sáré. Mo fà á padà díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dá ohùn Bàbá Kékeré mọ̀. Mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà nígbà náà, mo jáde síta fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orin náà kò tíì já geere síbẹ̀. Lórí "ijo," ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ lè jẹ́ o, ó lè jẹ́ ọ. Gìtá ló jẹ́rìí. Bàbá Kékeré máa ń fi okùn gìtá tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀, sílébù kan, ohùn kan, gẹ́gẹ́ bí onídùndún ṣe ń fi ìlù sọ ohun tó fẹ́ sọ. Bí a ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé, dò re mí ni ohùn èdè wa. "Tú ká," mí mí ni, ohùn òkè méjèèjì. "Ijó," re mí. "Ìjọ," dò re. Bí ó bá jẹ́ ìjọ ló ń kọ, sílébù kejì ọ̀rọ̀ náà kò lè ga tó "tú ká." Bí ó bá jẹ́ ijó, ohùn kan náà ni wọ́n máa jẹ́ lórí gìtá. Eré téèpù kò sì kan èyí, nítorí pé bó sáré, bó fà, àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì kò ní yẹ̀. Mo gbé gìtá, mo sì wá ohùn náà lórí okùn. Sílébù kejì yẹn àti "tú ká," okùn kan náà ni, ojú ìtẹ̀ kan náà ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tí wọ́n kọ ẹsẹ̀ orin náà, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ijó ni.

Mo gbé e lọ fún ìyá àgbà yẹn. Ó ní kí n tún un lù. Ó fi ẹnu kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ tẹ̀ lé gìtá, ó sì ní, "Bàbá mi kò mọ̀ o. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n." Òun náà ló tú ọ̀rọ̀ iná palẹ̀ fún mi. Ohun tí wọ́n sun ni gìtá onígi tí wọ́n sọ di béèsì, lẹ́yìn tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Pẹ̀lú pàǹtí ilé ìwé ni wọ́n fi sun ún, kò sí àgbà ìjọ kan níbẹ̀. Gìtá Bàbá Kékeré, pásítọ̀ dá a padà lẹ́yìn ìkórè bó ṣe wí. Oníbéèsì mọ ẹni tó tà á fún nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ wọlé.

Bí ìjọ kò bá tú wọn ká, kí ló tú wọn ká? Ìwé ìṣirò ti dáhùn kí n tó béèrè. Lẹ́yìn ẹjọ́ ìjọ, wọ́n lọ sóde mọ́kànlá sí i: Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Ọdún Kérésì 1975 ní Kàbbà. Owó bátìrì tó kẹ́yìn jẹ́ ti oṣù Kìíní 1976. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e, òfìfo ni.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, Murtala Mohammed kéde pé ìpínlẹ̀ méjìlá ti di mọ́kàndínlógún. Ilẹ̀ Yàgbà dúró sí Kwárà. Ilẹ̀ Ígálà, tó ti wà pẹ̀lú wa ní Kwárà, ni wọ́n gé lọ sí ìpínlẹ̀ Bẹ́núè tuntun. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Murtala, ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ sì bo ti ìpínlẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ kò dúró. Ìpínlẹ̀ tuntun nílò tísà tirẹ̀, pàápàá tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọdé máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Lẹ́tà kan dé bá Onílù lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi hàn mí. Kò sí ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀, kò sí ìyìn. Orúkọ rẹ̀, ilé ìwé tó ń lọ, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Mo gba Lọ́kọ́ja lọ bá a, mo gba Ajáòkúta, mo kọjá afárá Ìtóbẹ̀. Nígbà tí òun ń lọ ní 1976, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e dé Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ ojú omi ló sì gbé òun àti ìlù rẹ̀ kọjá odò. "Okun o!" ló fi kí mi lẹ́nu ọ̀nà, bí ọmọ Yàgbà gan-an. Ó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta tó ti fi ọ̀dọ̀ wa sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, tí Babangida dá Kogí sílẹ̀, wọ́n tún kó òun àti Bàbá Kékeré sínú ìpínlẹ̀ kan náà. Ó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò, òun sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́, ìyàwó òun bi òun pé kí ló dé. Wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wọn ò ríra.

Mo lu orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú kásẹ́ẹ̀tì náà fún un. Nígbà tí èkíní bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí itan, ó ń lù ú tẹ̀ lé e. Ní orin ijó, ó mi orí. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìrègún, orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ wa, tí wọ́n fi gìtá ṣe, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ìlù rẹ̀ ṣe gbọnmọgbọnmọ, kò ní sáńbálì, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ibí ni Onílù ti fi ọgbọ́n hàn jù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ etí sí i.

"Èyí kì í ṣe èmi," ó ní. "Igi ni wọ́n ń lù. Wọn ò ní onílù mọ́."

Mo pe Oníbéèsì láti ibẹ̀. Ó dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ó wá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìsinmi gígùn 1976 ni, kíláàsì kẹfà ni wọ́n wà, àwọn méjì péré, òun àti Bàbá Kékeré. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé ìwé ni Bàbá Kékeré ń fi ẹsẹ̀ lù bó ṣe ń ta gìtá. Onílù ní kí n tún un lù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti pa ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: orin méjì, 1975, ènìyàn mẹ́rin, orin kan, 1976, ènìyàn méjì àti bẹ́ǹṣì.